Kí Ni Ó Ń Mú Oníbàárà Padà Wá? Ẹ̀kọ́ Láti Ìsọ̀ Tíì àti Kọfí

Láti ìgbà díẹ̀ wá ni ìbéèrè kan ti ń jẹ jáde ní àwọn ìpàdé wa. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ fi lára owó ọmọ ẹgbẹ́ dá ìtajà sílẹ̀, pàápàá ìsọ̀ tí a ti ń ta tíì, kọfí àti búrẹ́dì, kí ni a ó ṣe tí àwọn tí ó bá wá ní ọjọ́ ìṣílé kò fi ní sá lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta?

Ìbéèrè pàtàkì ni. Owó tí a fẹ́ ná kì í ṣe owó tí a rí he lójú ọ̀nà. Owó tí òṣìṣẹ́ ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀ ni, owó tí àwọn ìyá wa lọ́jà ń dá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni. Inú rẹ̀ ni owó ilé ìwé ọmọ wà, inú rẹ̀ ni owó ilé wà. Bí ìsọ̀ náà bá kú, ìsọ̀ nìkan kọ́ ni ó kú. Ìgbẹ́kẹ̀lé tí ó so ẹgbẹ́ ró yóò ṣe àárẹ̀ pẹ̀lú. Nítorí náà ni a ṣe ní kí a fara balẹ̀ ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ oníbàárà yìí kí ẹnikẹ́ni tó bu owó jáde.

ÒWÚRỌ̀ NÍ RAJI RASAKI ESTATE

A mú Raji Rasaki Estate ní Amuwo-Odofin ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ó jọ ọ̀pọ̀ àdúgbò tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ń gbé. Orúkọ Raji Rasaki, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1988 sí 1991, ni a fi pè é. Festac Town tí ó wà nítòsí ti wà ṣáájú rẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ ni ó kọ́ ọ nítorí àwọn àlejò tí ó wá sí àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1977.

Ẹni tí ó ń gbé ibẹ̀, tí ó sì fẹ́ dé ibi iṣẹ́ ní Apapa tàbí ní Erékùṣù Èkó lákòókò, gbọ́dọ̀ jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, kí sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọkọ̀ ní Mile 2 má baà ká a mọ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í sábàá rí àyè jẹun nílé. Ife tíì tàbí kọfí gbígbóná kan, pẹ̀lú búrẹ́dì àti ẹyin díndín, ni ó ń gbé e dé ọ̀sán.

Kọfí kì í ṣe àjèjì ní ilẹ̀ wa. Àwọn ará Okun ní agbègbè Kabba àti Iyamoye ti ń gbìn ín tipẹ́. Ilé iṣẹ́ ìwádìí kòkó tí a dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1964 ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ pẹ̀lú, bí ó ti ń ṣe lórí kòkó, obì, kajú àti tíì. Ṣùgbọ́n èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń mu ni kọfí lẹ́búlẹ́bú inú agolo tàbí inú ọ̀rá kékeré, tí a ń da omi gbígbóná lé lórí. Fún ìdí èyí, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ohun tí òun ń tà kò sí lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Tíì kan náà, mílíìkì kan náà, ṣúgà kan náà ni gbogbo wọn ń rà lọ́jà. Bí ọjà bá dọ́gba, tí iye owó rẹ̀ sì dọ́gba, kí ni ó ń mú kí èrò pọ̀ lọ́dọ̀ ẹnì kan ju ẹnì kejì lọ?

A jókòó sí ìsọ̀ méjì tí kò jìnnà sí ara wọn, a sì ń wò wọ́n. Ní ti àkọ́kọ́, kí aago márùn-ún ààbọ̀ tó lù, omi ti ń hó. Ọ̀dọ́kùnrin tí ó ń tajà níbẹ̀ ní ṣíbí kan tí ó fi ń wọn kọfí, kì í fi ojú wọ̀n ọ́n. Bàbá kan wọlé, ọ̀dọ́kùnrin náà dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé bí ti àná ni, kí ṣúgà má pọ̀?" Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi, o ṣeun." Kò ju ìyẹn lọ. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti kọjá ìsọ̀ kejì kí ó tó dé ibẹ̀.

Ní ìsọ̀ kejì, tíì náà dùn ní ọjọ́ tí a kọ́kọ́ mu ún. Nígbà tí a padà dé ní ọjọ́ kejì, omi ti pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹta, ìsọ̀ náà wà ní títì, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ìdí rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrin, kò sí ṣéńjì, wọ́n ní kí a máa lọ kí a padà wá gbà á lọ́la. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ yìí kì í ṣe ènìyàn burúkú, kò sì ta ohun burúkú. Ohun tí ó pàdánù ni pé kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí òun yóò bá lọ́dọ̀ rẹ̀ bí ilẹ̀ bá mọ́.

KÌ Í ṢE GBOGBO ẸNI TÍ Ó Ń PADÀ WÁ NI TIWA

Kí a tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí a ya àwọn oníbàárà sọ́tọ̀, nítorí pé ibi tí ọ̀pọ̀ ìtajà ẹgbẹ́ ti ń ṣìnà nìyí. Oríṣi mẹ́ta ni àwọn tí ń padà wá.

Àwọn kìn-ín-ní ń padà wá nítorí pé kò sí ibòmíràn. Ìsọ̀ kan ṣoṣo ni ó wà ní òpópónà náà, ibẹ̀ ni wọ́n ń rà. Ọjọ́ tí ẹlòmíràn bá ṣí sí òdìkejì ọ̀nà ni wọ́n yóò lọ.

Àwọn kejì ń padà wá nítorí àwìn. Wọ́n jẹ gbèsè, wọn kò sì fẹ́ kí olùtajà dójú tì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i, nígbà tí gbèsè bá pọ̀, àwọn wọ̀nyí gan-an ni yóò máa gba ẹ̀yìnkùlé kọjá kí a má baà rí wọn. Àwìn a máa mú oníbàárà wá, a sì tún máa lé e lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Àwọn kẹta ni a ń wá. Wọ́n rí ibòmíràn, owó wà lọ́wọ́ wọn, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n yà sí. Bí ọ̀rẹ́ wọn bá bi wọ́n léèrè pé níbo ni a ti lè rí kọfí tí ó dára, orúkọ wa ni wọn yóò dá. Bí a bá ṣe àṣìṣe lọ́jọ́ kan, wọn yóò sọ fún wa, wọn kò ní kàn lọ ní ìdákẹ́jẹ́. Irú ẹni yìí ni a ń pè ní oníbàárà tí kì í yẹsẹ̀.

ORÚKỌ JẸ́ ÌLÉRÍ

Àwọn àgbà inú ẹgbẹ́ wa yóò rántí Kingsway, ilé ìtajà ńlá ti ilé iṣẹ́ UAC. Ní àwọn ọdún 1960, àwọn ìsọ̀ kọfí wà nínú Kingsway, níbi tí ẹni tí ó ti rajà títí tí ó fi rẹ̀ ẹ́ lè jókòó, kí ó mu ohun gbígbóná kí ó sì jẹ ìpápánu. Ní 1973, a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Kingsway Rendezvous. Ní 1986, a tún un sọ ní Mr Bigg's, a sì ṣí èyí àkọ́kọ́ ní Marina ní ìlú Èkó. Láti inú ìsọ̀ kọfí ni orúkọ tí àwọn ọmọ wa fi ń mọ ọjọ́ ìbí àti ọjọ́ ọdún ti jáde.

Kí ni àwọn ènìyàn ń rà níbẹ̀? Ẹ ó sọ pé míìtì páì ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n àwọn ìyá wa mọ̀ ọ́n dín, wọ́n mọ̀ ọ́n yan. Ohun tí àwọn ènìyàn ń rà pẹ̀lú páì náà ni ìdánilójú. Ẹni tí ó bá rí àmì pupa àti yẹ́lò náà ní ìlú tí kò mọ̀ rí ti mọ ohun tí òun yóò bá nínú ilé kí ó tó ṣí ìlẹ̀kùn. Orúkọ ìtajà kì í ṣe ọ̀dà tí a fi kun ògiri. Ìlérí ni. Nígbàkigbà tí a bá mú ìlérí náà ṣẹ, orúkọ náà ń lágbára sí i. Nígbàkigbà tí a bá yẹ̀ ẹ́, ó ń dín kù.

Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹlòmíràn dé. Ní 1997, tọkọtaya Ayeni dá Tantalizers sílẹ̀ ní Festac Town, ní tòsí Raji Rasaki Estate tí a ń sọ yìí. Ilé oúnjẹ kékeré ti àdúgbò ni ní ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ará àdúgbò tí ń padà wá ni ó gbé e dìde, títí tí ó fi di ohun tí a kọ sí ìwé ọjà ìpín owó ní 2008. Chicken Republic dé ní 2004. Ní 2012, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò kan, Ngozi àti Chijioke Dozie, dá Café Neo sílẹ̀, wọ́n sì fi kọfí tí a gbìn ní ilẹ̀ Áfíríkà ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní 2013, ilé iṣẹ́ Famous Brands ti South Africa ra ìpín 49 nínú ọgọ́rùn-ún nínú ẹ̀ka ilé oúnjẹ UAC. Lónìí, ìsọ̀ Mr Bigg's kò pọ̀ mọ́ bí ó ti pọ̀ nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn jù lọ.

Ẹ̀kọ́ méjì ni a rí kọ́. Èkínní ni pé ìsọ̀ kékeré ti àdúgbò lè di ńlá bí àwọn aládùúgbò bá fẹ́ràn rẹ̀. Èkejì ni pé kò sí orúkọ tí ó tóbi tí oníbàárà kò lè fi sílẹ̀ bí ó bá rí ibi tí ó tẹ́ ẹ lọ́rùn jù. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ìdúróṣinṣin oníbàárà kì í ṣe ohun tí a ń gbà lẹ́ẹ̀kan kí a tì í mọ́ àpótí. Ojoojúmọ́ ni a ń tún un gbà.

OHUN MẸ́FÀ TÍ Ó Ń MÚ WỌN PADÀ WÁ

Èkínní ni ÌDỌ́GBA. Ohun tí oníbàárà mu lánàá ni kí ó bá lónìí. Ẹ ra ṣíbí ìwọ̀n, ẹ mú ife kan ṣe ìwọ̀n omi, ẹ kọ ọ́ sára ògiri: ṣíbí kọfí mélòó, mílíìkì mélòó. Bí ẹni tí ń tajà bá ṣàìsàn, ẹni tí ó gba ipò rẹ̀ yóò ṣe é bákan náà. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá pàápàá kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré. Starbucks, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà ní 1971, ti ìsọ̀ rẹ̀ bí 7,100 pa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 26 oṣù kejì 2008, fún wákàtí mẹ́ta àti díẹ̀, kí ó lè tún kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ bí a ti ń po kọfí. Ó gbà láti pàdánù owó ìrọ̀lẹ́ kan nítorí pé ó mọ̀ pé ife tí kò dára ń lé ènìyàn lọ díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni ÀSÌKÒ. Bí a bá sọ pé a ó ṣí ní aago márùn-ún ààbọ̀, kí omi ti hó ní aago márùn-ún ààbọ̀. Ẹni tí ó ń sá bá ọkọ̀ kò lè dúró kí a ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ìṣáná. Bí ó bá bá ilẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀mejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò kọ́ ọ̀nà mìíràn, ẹsẹ̀ tí ó bá sì ti kọ́ ọ̀nà mìíràn ṣòro láti yí padà. Bí a kò bá ní ṣí lọ́la, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ lónìí, kí a sì kọ ọ́ lẹ ẹnu ọ̀nà.

Ẹ̀kẹta ni Ọ̀YÀYÀ ÀTI ÌRÁNTÍ. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò. Kí a kí ènìyàn dáadáa kò ná wa ní kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ó kọjá kí a kàn máa rẹ́rìn-ín. Kí a rántí pé màmá yìí kì í mu ṣúgà nítorí ara rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n yẹn fẹ́ kí búrẹ́dì òun gbóná, pé awakọ̀ kan ní ìsìnkú nílé lọ́sẹ̀ tí ó kọjá. Ẹni tí a bá rántí mọ̀ pé òun kì í ṣe owó lásán lójú wa. Ibí yìí ni ìsọ̀ kékeré ti lè borí ilé iṣẹ́ ńlá, nítorí pé ẹ̀rọ kò mọ orúkọ ìyá ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹrin ni ÒTÍTỌ́ NÍNÚ ÌWỌ̀N ÀTI OWÓ. Gbogbo wa mọ bí ọjà ti gbówó lórí láti 2023, lẹ́yìn tí a yọ owó ìrànwọ́ orí epo tí náírà sì wálẹ̀. Mílíìkì wọ́n, búrẹ́dì wọ́n, gáàsì wọ́n. Olùtajà tí kò fẹ́ gbé owó lé e lè máa bu omi lé tíì, tàbí kí ó pààrọ̀ ife sí kékeré ní ọ̀gànjọ́ òru. Ojú oníbàárà ti rí i kí ó tó gbé e dé ẹnu. Ó sàn kí a wí fún un ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú pé, "Ẹ jọ̀ọ́, iye mílíìkì ti lọ sókè, láti ọjọ́ Ajé owó ife yóò di báyìí." Inú rẹ̀ lè má dùn, ṣùgbọ́n kò ní rò pé a rẹ́ òun jẹ. Ẹni tí owó rẹ̀ kò tó lè padà wá bí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹnu. Ẹni tí a rẹ́ jẹ kì í padà.

Ìkarùn-ún ni ÀTÚNṢE ÀṢÌṢE. Kò sí ìsọ̀ tí kì í ṣe àṣìṣe. Bí ẹnì kan bá ní ife òun kò dára, kí a má bá a jiyàn. Kí a gbà á, kí a tọrọ àforíjì, kí a po òmíràn fún un láìgba owó. Ẹ wo ìṣirò tí a ṣe nísàlẹ̀ kí ẹ tó sọ pé òfò ni. Ẹni tí a tọ́jú dáadáa lẹ́yìn àṣìṣe a máa fẹ́ràn wa ju ẹni tí a kò ṣẹ̀ rí lọ, nítorí pé ó ti rí ìwà wa ní ọjọ́ tí nǹkan kò lọ dáadáa.

Ẹ̀kẹfà ni ÌMỌ́TÓTÓ. Ife tí ó ń tàn, omi mímọ́, aṣọ ìnutábìlì tí a fọ̀, ìjókòó tí kò mì. Ẹni tí ó bá rí eṣinṣin lórí mílíìkì kò ní bá yín jà, yóò kàn kọjá lọ. Kí oníbàárà rí ibi tí a ti ń fọ ife. Ohun tí ojú bá rí ni ọkàn ń gbà gbọ́.

Ẹ ó ṣe àkíyèsí pé a kò tíì dárúkọ ÈÈNÌ. Gbogbo wa mọ èènì. Láti ayébáyé ni àwọn ìyá wa ti ń wọn gàrí tán kí wọ́n tó tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Lónìí, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń fún oníbàárà ní káàdì: ra mẹ́sàn-án, gba ìkẹwàá lọ́fẹ̀ẹ́. Èènì ni, aṣọ tuntun ni wọ́n wọ̀ fún un. Èènì dára, ṣùgbọ́n orí ìwọ̀n tí ó pé ni a ń fi èènì lé. Ẹni tí ó bá fi ojú ṣíbí jani lólè, tí ó wá fi búrẹ́dì ẹ̀là kan ṣe èènì, ara rẹ̀ ni ó ń tàn.

Ẹ JẸ́ KÍ A ṢÍRÒ RẸ̀

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kò pé láìsí ìṣirò. Ẹ mú bírò. Àpẹẹrẹ lásán ni iye owó tí a ó lò. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fi iye ti àdúgbò rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Kí a ní a ń ta ife kọfí kan ní 500 náírà. Kọfí, mílíìkì, ṣúgà, omi àti gáàsì inú rẹ̀ ná wa ní 300 náírà. Ó ku 200 náírà. Oníbàárà tí kì í yẹsẹ̀, tí ó ń wá ní ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ 50 lọ́dún, yóò mu ife 250. Owó tí yóò san jẹ́ 125,000 náírà. Ohun tí yóò kù fún wa lórí rẹ̀ jẹ́ 50,000 náírà.

Nísinsin yìí, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ife tí kò dára. Bí a bá pààrọ̀ rẹ̀, 300 náírà ni a pàdánù. Bí a bá bá oníbàárà náà jiyàn tí ó sì lọ, 50,000 náírà lọ́dún ni ó bá a lọ. Èwo ni òfò nínú méjèèjì?

Kí a ní owó ilé, owó òṣìṣẹ́ àti iná mànàmáná jẹ́ 200,000 náírà lóṣù. Bí ife kan bá ń ku 200 náírà, a gbọ́dọ̀ ta ife 1,000 lóṣù, èyíinì ni 12,000 lọ́dún, kí ìsọ̀ náà tó lè gbé ara rẹ̀. Ẹ pín 12,000 sí ọ̀nà 250. Ènìyàn 48 ni. Bí a bá ní oníbàárà 48 tí kì í yẹsẹ̀, ìsọ̀ náà kò ní kú. Ẹni 49 àti àwọn tí ń kọjá lọ ni èrè. Nítorí náà, èrò rẹpẹtẹ ní ọjọ́ ìṣílé pẹ̀lú ìlù àti ṣẹ́rẹ́ kọ́ ni a nílò. Ènìyàn 48 tí a mọ̀, tí wọ́n sì mọ̀ wá, ni ó yẹ kí ìgbìmọ̀ máa wá.

ÀǸFÀÀNÍ TÍ ẸGBẸ́ NÍ

Ohun kan wà tí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè ṣe tí ẹni tí ń dá ṣòwò kò lè ṣe. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá 1844, àwọn òṣìṣẹ́ ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣí ìsọ̀ kékeré kan ní Toad Lane. Ènìyàn 28 ni wọ́n, pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n sì dá. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti ọkà ni ohun tí wọ́n kọ́kọ́ tà, pẹ̀lú àbẹ́là. Ní ayé ìgbà náà, àwọn oníṣòwò kan ń po ẹfun mọ́ ìyẹ̀fun, wọ́n sì ń fi ìwọ̀n èké tajà fún tálákà. Àwọn ará Rochdale ní àwọn kò ní ṣe bẹ́ẹ̀: ọjà tí a kò lú, ìwọ̀n tí ó pé, owó lọ́wọ́. Bí èrè bá wà nígbà tí a bá ṣí ìwé, wọ́n ń pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ gẹ́gẹ́ bí iye ọjà tí kálukú rà.

Ẹ wo ọgbọ́n inú rẹ̀. Ẹni tí ó rà jù ni ó gbà jù. Oníbàárà di onílé. Nínú àpẹẹrẹ tiwa, bí ẹgbẹ́ bá dá kọ́bọ̀ márùn-ún padà lórí náírà kọ̀ọ̀kan, ọmọ ẹgbẹ́ tí ó fi 125,000 náírà mu kọfí yóò gba 6,250 náírà ní ìparí ọdún. Èènì nìyẹn, ṣùgbọ́n èènì tí a kọ sínú ìwé. Kí ó yé wa pé láti inú èrè tí a ti yẹ̀wò ni a ń san án; bí èrè kò bá sí, a kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan owó ìfipamọ́ ọmọ ẹgbẹ́ nítorí rẹ̀.

Àwọn bàbá wa pẹ̀lú mọ ọgbọ́n yìí. Kí òfin ẹgbẹ́ alájọṣepọ̀ tó jáde ní Nàìjíríà ní 1935, àwọn àgbẹ̀ oníkòkó ti ń para pọ̀ láti ki kòkó, kí wọ́n sá a gbẹ dáadáa, kí wọ́n tà á pọ̀. Ẹgbẹ́ Gbedun nítòsí Ìbàdàn forúkọ sílẹ̀ ní 1937. Ẹni tí ń ra kòkó kì í fi ìfẹ́ lásán san owó tí ó pọ̀. Ó san án nítorí pé ó mọ̀ pé bí àpò àkọ́kọ́ ti rí ni àpò ogún yóò ti rí.

EWU TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ

Kí a má tan ara wa jẹ. Ìtajà ẹgbẹ́ ní àìsàn tirẹ̀. Àkọ́kọ́ ni kí a máa rò pé ọmọ ẹgbẹ́ ni wọ́n, dandan ni kí wọ́n rà lọ́wọ́ wa. Kò sí dandan nínú ọ̀rọ̀ ẹnu. Ọmọ ẹgbẹ́ tí ó bá bá omi nínú tíì yóò san owó oṣù rẹ̀ fún ẹgbẹ́, yóò sì lọ mu tíì lọ́dọ̀ màláàmù ìta. A kò lè fi ìwé ẹgbẹ́ de ẹnu rẹ̀.

Èkejì ni àwìn. Nítorí pé a mọ ara wa, ojú ń ti òṣìṣẹ́ láti sọ pé rárá fún alága tàbí fún àwọn àgbà ẹgbẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí a gba ẹnì kan síṣẹ́ nítorí pé ọmọ ẹ̀gbọ́n akápò ni, kí a má sì lè bá a wí nígbà tí ó bá pẹ́ dé. Bí a kò bá lè yanjú méjèèjì yìí ní ìpàdé, ó sàn kí owó wa wà ní báńkì.

KÍ A TÓ BU OWÓ JÁDE

Ìmọ̀ràn wa fún ẹgbẹ́ tí ó bá ń gbèrò rẹ̀ nìyí. Kí ìgbìmọ̀ jókòó sí àdúgbò náà fún ọ̀sẹ̀ méjì láti aago márùn-ún àárọ̀, kí ó ka iye ènìyàn tí ń rà lọ́dọ̀ àwọn tí ó ti wà níbẹ̀. Kí a kọ orúkọ àwọn 48 tí a gbà gbọ́ pé yóò máa wá. Bí orúkọ kò bá pé, ẹ dúró ná. Kí a kọ ìwọ̀n, àsìkò àti òfin "kò sí àwìn" sílẹ̀, kí alága jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yóò fọwọ́ sí i. Kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú tábìlì kan àti fúláàsì méjì kí a tó gba ṣọ́ọ̀bù. Kí a ní ìwé kan tí oníbàárà lè kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ sí, kí a sì máa kà á sókè ní ìpàdé oṣooṣù, ìbáà ṣe pé ó korò.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, kí akọ̀wé máa ka àwọn tí ń padà wá, kì í ṣe owó nìkan. Owó lè pọ̀ lóṣù yìí nítorí pé ìsọ̀ ẹnì kejì wà ní títì. Bí iye àwọn tí ń padà wá bá ń dín kù, àìsàn ti wọlé, bí àpótí owó tilẹ̀ kún.

Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí a pa pọ̀ gbọ́dọ̀ lè wọn kọfí bákan náà lónìí, lọ́la àti lọ́túnla. Ẹgbẹ́ tí ó bá ní èrò lórí ọ̀rọ̀ yìí, tàbí tí ó ti dán irú rẹ̀ wò, kí ó kọ̀wé sí wa kí a lè fi kọ́ àwọn yòókù.